Kíkó ọmọ iléèwé wá sí Òṣogbo: àárín ìlú, ọ̀nà Gbọ̀ngán, tàbí ẹ̀yìn ìlú?

Ọ̀pọ̀ òbí tó ń ti Èkó, Ìlọrin tàbí Àbújá kó bọ̀ ní Òṣogbo máa ń wá wo ilé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọ̀nà ti dá, òòrùn ti ràn, ajẹ́ǹtì ti mú kọ́kọ́rọ́ dání. Wọ́n á rí pálọ̀ tó fẹ̀, wọ́n á san owó ọdún kan, ìgbà yẹn ni wọ́n á tó máa béèrè iléèwé tó dáa nítòsí. Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ ni wọ́n á tó mọ̀ pé iléèwé tó wù wọ́n wà ní òdìkejì ìlú, kèké méjì sì ni ọmọ máa wọ̀ kó tó débẹ̀. Ẹ yí i padà. Kíláàsì tí ọmọ wà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà iléèwé, lẹ́yìn náà ọ̀nà tó wà láàárín iléèwé àti ilé. Ilé ló kẹ́yìn. Ilé tí kò bá dáa, ẹ lè kúrò níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ọdún WAEC tó bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọ, ẹ ò lè bá a wá a padà.

Kíláàsì ọmọ ló máa sọ ìgbà tí ẹ lè kó

Ìgbà méjì ló rọrùn jù láti gbé ọmọ láti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn: ìbẹ̀rẹ̀ JSS1 àti ìbẹ̀rẹ̀ SS1. Ní JSS1, àlejò ni gbogbo ọmọ, kò sẹ́ni tó máa ṣe ọmọ yín ní àjèjì. Ní SS1 ni wọ́n ń pín wọn sí sáyẹ́ǹsì, àátì àti kọ́máṣà, ọmọ yín á sì bá wọn bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní. Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò tíì dé kíláàsì karùn-ún náà kò ní wàhálà púpọ̀.

JSS3 ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀. Ìdánwò àṣekágbá JSS3 tí wọ́n ń pè ní BECE, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣètò tirẹ̀ fún iléèwé ìpínlẹ̀ àti ti aládàáni. NECO ló ń ṣe ti àwọn iléèwé ìjọba àpapọ̀. Ọmọ tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó kò sí nínú ìwé àwọn ará Ọ̀ṣun. Bí ẹ bá gbé e wá ní táàmù kejì, wọ́n á tún un forúkọ sílẹ̀, wọ́n á sì béèrè máàkì iṣẹ́ kíláàsì rẹ̀ láti iléèwé tó ti kúrò. Bí ìforúkọsílẹ̀ bá ti parí kí ẹ tó dé, ọdún kan ti lọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó ṣe ìdánwò náà tán níbi tó wà.

Ní ti SS3, ẹ má gbé e rárá. WAEC ń gba máàkì iṣẹ́ kíláàsì láti SS1 títí dé SS3, iléèwé tó forúkọ ọmọ sílẹ̀ ló sì ń fi í ránṣẹ́. Iléèwé tuntun tó bá ní òun á gba ọmọ SS3 láti ìpínlẹ̀ mìíràn láìbéèrè ohunkóhun ju owó lọ, ẹ sá fún un. Ibi tí wọ́n ti ń ta ìdánwò ni ibẹ̀ yẹn sábà máa ń jẹ́. Bí ọmọ bá ti parí táàmù kejì SS2, ó sàn kí ẹ fi sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín tó wà ní ìlú tí ẹ ti ń bọ̀, tàbí kí ẹ fi sí bọ́dìn-ín níbẹ̀, kó parí. Ó máa dùn yín pé ọmọ kò sí nílé, ṣùgbọ́n ọdún kan péré ni.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà. Ọmọ tó dàgbà ní Àbújá tàbí Port Harcourt lè máa sọ Yorùbá lẹ́nu kó má lè kọ ọ́. Yorùbá jẹ́ ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ wọn níbí, pẹ̀lú àmì ohùn, ìró ohùn àti òwe. Ẹ sọ fún olùkọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì wá ẹni tó máa kọ́ ọ nílé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún táàmù kan. Ọmọ tó bá ti Ìbàdàn tàbí Ìlọrin wá kì í sábà ní ìṣòro yìí.

Bí ẹ bá rí «Elementary School» tàbí «Middle School» lára ògiri iléèwé ìjọba kan, ẹ má jẹ́ kó dà yín lójú rú. Ìjọba Ọ̀ṣun lo ètò yẹn nígbà kan, wọ́n sì padà sí 6-3-3-4 (ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta JSS, mẹ́ta SS, mẹ́rin yunifásítì) lọ́dún 2020. Ọ̀dà ara ògiri ni wọn kò tíì pa rẹ́ níbòmíràn.

Ìwé tí ẹ gbọ́dọ̀ gbà kí ọkọ̀ ẹrù tó gbéra: lẹ́tà tíráńsífà tí ọ̀gá iléèwé buwọ́ lù tó sì tẹ òǹtẹ̀ sí, káàdì èsì táàmù mẹ́ta tó kẹ́yìn (ọmọ SS, láti SS1), ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí láti National Population Commission, NIN ọmọ, àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bí owó iléèwé kan bá kù tí ẹ kò tíì san, ìwé yẹn ni wọ́n máa fi dá yín dúró, nítorí náà ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ kó. Ẹ to gbogbo wọn sílẹ̀ lórí tábìlì, kí ẹ ka orúkọ ọmọ lára wọn lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. «Oluwaseun» lórí ọ̀kan, «Seun» lórí èkejì, ọdún ìbí 2010 níhìn-ín, 2011 lọ́hùn-ún: kò sẹ́ni tó máa kíyè sí i títí di ọjọ́ tí ọmọ fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún JAMB, tó ń lo NIN, tó sì ń béèrè pé kí ọmọ ti pé 16. Lọ́dún 2025, NIMC, àjọ tó ń ṣe NIN, sọ àtúnṣe ọjọ́ ìbí lórí NIN di 28,574 náírà. Ẹ tún un ṣe níbi tí ẹ wà, nítorí iléèwé àti ilé ìwòsàn tó lè jẹ́rìí fún ọmọ kò jìnnà síbẹ̀.

Iléèwé ìjọba tàbí ti aládàáni

Ìwé òfin UBE (ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ) ti ọdún 2004 sọ ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, láti kíláàsì kìíní dé JSS3, di ọ̀fẹ́ àti dandan ní iléèwé ìjọba. Ṣùgbọ́n owó PTA, ìwé, aṣọ iléèwé àti àwọn owó kéékèèké wà níbẹ̀, ẹ béèrè wọn lọ́wọ́ òbí tí ọmọ rẹ̀ ti wà níbẹ̀, ẹ má béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ nìkan. Òṣogbo ní àwọn iléèwé girama ìjọba tí wọ́n ti pẹ́ tí orúkọ wọn sì ròkè: Òṣogbo Grammar School, Fakunle, Baptist Girls, Laro, St. Charles, àti Ataoja School of Science. Àwọn kan nínú iléèwé ìjọba gba ilé tuntun ńláńlá ní bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ilé alájà tó dára wà, yàrá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wà. Ìbéèrè tó kù ni olùkọ́. Ilé lè dára kó má sí olùkọ́ físíìsì kan ṣoṣo.

Torí náà ẹ má wo géètì. Ẹ bi pírínsípà pé, «Ta ló ń kọ́ wọn ní físíìsì, ta ló ń kọ́ wọn ní ìṣirò, mélòó ni wọ́n?» Orúkọ ni kó dá yín lóhùn. Bó bá ní «a ní olùkọ́ tó pọ̀», ẹ tún béèrè.

Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí fi ọmọ 35 sí ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, 40 ní girama, 25 fún àwọn ọmọ kéékèèké jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹ ka àga. Ní iléèwé ìjọba tó wà láàárín ìlú, ẹ lè bá ọmọ tó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ní ti aládàáni, wọ́n lè má tó 15, èyí náà sì ní àléébù tirẹ̀, nítorí iléèwé tí ọmọ kò tó nínú rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó kó kíláàsì méjì pọ̀ tàbí kó ti ìlẹ̀kùn.

Fún iléèwé aládàáni, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ju gbogbo rẹ̀ lọ: ṣé iléèwé yìí ní nọ́ńbà sẹ́ńtà WAEC tirẹ̀? Púpọ̀ nínú iléèwé kéékèèké tó wà ní àdúgbò kò ní. Wọ́n á kọ́ ọmọ láti SS1, tó bá di SS3 wọ́n á kó wọn lọ forúkọ sílẹ̀ níbòmíràn, òbí á san owó méjì, ọmọ á sì jókòó ṣe ìdánwò níbi tí kò mọ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé èsì WAEC ọdún tó kọjá hàn yín, kí ẹ sì wo orúkọ iléèwé tó wà lókè rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n ṣí yàrá kẹ́mísírì. Ẹ fi ìka kan ẹnu búrẹ́ẹ̀tì kan, ọ̀pá gíláàsì tí wọ́n fi ń wọn ásíìdì. Bí eruku tó wà lórí rẹ̀ bá le tó ti ojú fèrèsé, wọn kò lò ó ní táàmù yìí. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi tó wà lórí tábìlì wò bóyá omi ń jáde. Ẹ wo ìgò ásíìdì: ṣé wọ́n kọ orúkọ sí i lára? Gbogbo èyí kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Tí ẹ bá sì ń jáde, ẹ gba ẹ̀yìn ilé kọjá kí ẹ wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn obìnrin. Ọmọbìnrin tí kò bá rí ibi tó mọ́ lò kò ní máa wá iléèwé lọ́jọ́ tó bá ń rí nǹkan oṣù.

Bọ́dìn-ín ìjọba àpapọ̀ kò sí nínú Òṣogbo gan-an, ṣùgbọ́n kò jìnnà: Federal Government College wà ní Ìkìrun, ti àwọn ọmọbìnrin wà ní Ìpetumodù. Ìpínlẹ̀ tí ọmọ ti wá ni wọ́n ń fi ṣírò máàkì àbáwọlé, kì í ṣe ìpínlẹ̀ tó ń gbé. Kíkó wá sí Ọ̀ṣun kò sọ ọmọ Kwara di ọmọ Ọ̀ṣun lórí ìwé.

Apá mẹ́ta ìlú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Ìjọba ìbílẹ̀ méjì ló pín ìlú fúnra rẹ̀, Òṣogbo àti Ọlọ́rundá, àwọn ilé tuntun ẹ̀bá ìlú sì ti wọ ilẹ̀ Àríwá Ẹdẹ àti Ẹgbẹ́dọrẹ. Ẹ béèrè èyí tí ilé yín wà, nítorí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ yẹn ni ẹ máa bá sọ̀rọ̀ bí ọ̀rọ̀ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba bá ta kókó.

| | Àárín ìlú (Ọjà Ọba, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun) | Ọ̀nà Gbọ̀ngán (Òkè-Fìà, Alékúwodò, Ògo-Olúwa) | Ẹ̀yìn ìlú (ọ̀nà Iléṣà, Ìbòkun, Ìkìrun) |
|---|---|---|---|
| Owó ilé | Ó rọjú jù | Ó ga jù | Àárín méjèèjì. Ilé tuntun wọ́n |
| Lílọ sí iléèwé | Ẹsẹ̀ ni | Kèké kan tàbí ẹsẹ̀ | Ọ̀kadà, lẹ́yìn náà kèké |
| Àyè fún ọmọ | Agbo ilé, kò sí ọgbà | Ọgbà tí géètì wà | Ọgbà tó fẹ̀ |
| Àléébù | Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àjọlò, ariwo | Ìdúró ọkọ̀, àkúnya ní kòtò | Ẹrẹ̀, ọ̀nà tó jìn, ìjà ilẹ̀ |

Àárín ìlú ni ọmọ ti ń rí ẹni bá ṣeré. Iléèwé wà, ọjà wà, ilé kéú wà fún ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ ka Kùránì lọ́wọ́ ọ̀sán, ìyá àgbà sì máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń ṣọ́ ọmọ tó ti iléèwé dé. Ìṣọ́ yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré fún òbí méjèèjì tó ń lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa á gbọ́ ọ láàárín oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ilé púpọ̀ níbẹ̀ jẹ́ yàrá kọ̀ọ̀kan tí ìdílé mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan, ọ̀nà sì tóóró débi pé ọkọ̀ ẹrù yín kò ní lè wọlé; ẹ máa fi ọmọlanke kó o láti ojú títì. Lóṣù kẹjọ, ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo máa ń kún ìlú, pàápàá láti ààfin títí dé igbó Ọ̀ṣun. Àwọn ọmọ wà nílé fún ìsinmi nígbà náà, kò pa iléèwé lára, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọ̀sẹ̀ yẹn kó ẹrù wọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Ọ̀nà Gbọ̀ngán dára fún òṣìṣẹ́ ìjọba. Sẹkitéríàtì ìpínlẹ̀ wà ní Abẹ́rẹ̀, lórí ọ̀nà yẹn kan náà, ẹ lè já ọmọ sílẹ̀ kí ẹ máa lọ láìyà kúrò lójú ọ̀nà. Iléèwé aládàáni pọ̀ níbẹ̀. Ohun tó le ni òwúrọ̀ ní oríta Ọláìyá: afárá òkè wà níbẹ̀, síbẹ̀ bí iléèwé bá wà ní ìhà kejì, ẹ fi kún àkókò yín. Èkejì ni omi. Odò Ọ̀ṣun ń gba abẹ́ Gbódòfọ̀n kọjá, ilẹ̀ sì rẹlẹ̀ ní àwọn ibi tó yí i ká àti lẹ́bàá àwọn odò kékeré tó ń ṣàn sínú rẹ̀. Ajẹ́ǹtì kò ní sọ fún yín pé omi ń wọlé. Ẹ wo ògiri ọgbà láti ìta, níwọ̀n orúnkún: bí àmì aláwọ̀ ilẹ̀ bá gùn lọ tààrà lára ògiri bíi pé wọ́n fi rúlà fà á, ibi tí omi dé nìyẹn. Ẹ wo ẹnu ọ̀nà pálọ̀ bóyá wọ́n to búlọ́ọ̀kù kan sí i kí omi má wọlé. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn pákó bóyá ó ti wú. Ẹ bi ọmọ tó ń ta ọjà wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ́ ní iwájú ilé, kì í ṣe onílé.

Ẹ̀yìn ìlú ló ń fa àwọn tó ń ti Èkó bọ̀ jù, nítorí ilé tuntun ni, ọgbà fẹ̀, afẹ́fẹ́ wà. A kò sọ pé kí ẹ má lọ. Ṣùgbọ́n ẹ fi ẹsẹ̀ rìn ín. Láàárín oṣù kẹrin sí ìkẹwàá tí òjò ń rọ̀, erùpẹ̀ pupa tó wà lójú ọ̀nà wọ̀nyẹn máa ń di ẹrẹ̀, kèké kò ní kọjá kọ́fáàtì àkọ́kọ́, ọ̀kadà ló kù. Ọmọ ọdún méje kò yẹ kó máa gun ọ̀kadà lójoojúmọ́ nínú òjò pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn. Ọmọ tó yẹ kó wọ kíláàsì ní agogo 8 á máa jí ní aago márùn-ún ààbọ̀, á máa sùn ní kíláàsì ìṣirò. Ọ̀pọ̀ àdúgbò níbẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ onílé ti ń gba owó ọdẹ, owó títún ọ̀nà ṣe, àti nígbà míràn owó transformer. Owó transformer yẹn, ọ̀rọ̀ onílé àti ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ni, ayálégbé kò yẹ kó san án. Ẹ jẹ́ kó wà nínú àgírímẹ́ǹtì. Bákan náà, ẹ béèrè bóyá ẹjọ́ wà lórí ilẹ̀ ilé náà. Ayálégbé ló máa ń kọ́kọ́ rí ọ̀dà pupa lára ògiri.

Ìlú tó wà nítòsí ńkọ́? Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ ní Redeemer's University, Adeleke University tàbí Federal Polytechnic, Ẹdẹ ni kí ẹ gbé, kí ẹ jẹ́ kí ọmọ kàwé ní Ẹdẹ. Òṣogbo kò wúlò fún yín lójoojúmọ́. Ìlobùú àti Ifọ̀n sún mọ́ Òṣogbo, owó ilé sì rọjú, ṣùgbọ́n ìjà ààlà ilẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ láàárín Ìlobùú, Ifọ̀n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 le débi pé ìjọba fi òfin kónílé-ó-gbélé de àwọn ìlú náà. Ẹni tó ní ọmọ iléèwé gbọ́dọ̀ bi àwọn tó ń gbé ibẹ̀ bí nǹkan ṣe rí ní oṣù tó fẹ́ kó, kó tó sanwó.

Kànga: ẹ wọ̀n ọ́n

Omi ẹ̀rọ ìjọba ń wá láti ìdídò Èrìnlẹ̀ lọ́nà Ẹdẹ, ṣùgbọ́n kì í dé gbogbo àdúgbò. Kànga tàbí bọ́hòólù ni ẹ máa lò. Abẹ́ ilẹ̀ Òṣogbo jẹ́ àpáta líle. Inú ìlà tó la àpáta ni omi wà, ìdí nìyẹn tí kànga ilé kan fi ń kún tí ti ilé kejì sì ń gbẹ. Oṣù kejì àti ìkẹta ni omi máa ń lọ sílẹ̀ jù. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ wo ilé nígbà yẹn.

Ẹ so òkúta kékeré mọ́ okùn, ẹ sọ ọ́ sínú kànga títí tí yóò fi kanlẹ̀, ẹ fà á sókè, kí ẹ fi téépù wọn ibi tó tutù lára okùn. Kànga tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní 90 sẹ̀ǹtímítà, omi tó jìn ní mítà kan nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bí lítà 630 lọ. Ìdílé ẹni márùn-ún tó ń lo lítà 50 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa nílò lítà 250 lójúmọ́, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́wàá. Bí ìdílé mẹ́fà bá ń pọn ọ́n, 1,500 ni wọ́n ń wá nínú 630. Ta ló máa pọn omi ní aago mẹ́rin ìdájí kó tó tán? Ọmọ iléèwé yín ni.

Ẹ tún wo ibi tí sokaway wà. Mítà 30 ni ó yẹ kó fi jìnnà sí kànga. Nínú ọgbà kékeré kì í tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ se omi mímu kí ó hó dáadáa. Odò Ọ̀ṣun ńkọ́? Ẹrẹ̀ iṣẹ́ wúrà tí wọ́n ń wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti pa á láwọ̀ dà. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n mu ún.

Iná

Òṣogbo ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kí iná dúró nílé yín. IBEDC ló ń pín in. Ẹ bi ẹni tó ń gbé ilé náà kí ó fi rìsíìtì tó fi ra yúnìtì kẹ́yìn hàn yín. Band ilé náà, ìyẹn ìpele wákàtí iná tó yẹ kó máa rí, wà lórí rẹ̀. Band A yẹ kó rí wákàtí 20 lójúmọ́, B 16, C 12, D 8, E 4. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, owó yúnìtì Band A ju ìlọ́po mẹ́ta ti Band B lọ. Fún ọmọ tó ń kàwé lálẹ́, Band B tó ń rí wákàtí rẹ̀ pé sàn ju Band A tí òbí kò lè sanwó rẹ̀. Bí ilé kò bá ní mítà tirẹ̀, tó jẹ́ pé mítà kan ni ilé mẹ́rin ń lò, ẹ fi sílẹ̀, nítorí ìjà owó iná kì í tán nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ mítà àtijọ́ tí wọ́n ń mú ìwé owó wá lóṣooṣù, ẹ béèrè gbèsè tó wà lórí rẹ̀ kí ẹ tó buwọ́ lùwé.

Owó, pẹ̀lú owó ọkọ̀

Àpẹẹrẹ ìṣirò lèyí. Ẹ fi iye tiyín rọ́pò rẹ̀. Ilé 500,000 lọ́dún, ajẹ́ǹtì gba ìdá mẹ́wàá, àgírímẹ́ǹtì ìdá mẹ́wàá, owó kọ́ṣọ̀n ìdá mẹ́wàá: 650,000 ni ẹ máa kọ́kọ́ san. Ẹ gba rìsíìtì kọ́ṣọ̀n lọ́tọ̀, nítorí òun ni ẹ máa gbà padà lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kúrò, kí ẹ sì ya fọ́tò gbogbo ògiri, fèrèsé àti ọpọ́n ìwẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ wọlé.

Ilé kejì, ní ẹ̀yìn ìlú, jẹ́ 350,000. Ó dà bí ẹni pé ẹ jèrè 150,000. Àmọ́ bí ọmọ méjì bá ń san 300 ní ìrìn kan, lílọ àti bíbọ̀ jẹ́ 1,200 lójúmọ́, 6,000 lọ́sẹ̀, 78,000 ní táàmù ọ̀sẹ̀ 13, 234,000 ní táàmù mẹ́ta. Èrè ti tán, 84,000 sì ti wọlé gbèsè, a ò tíì ka oorun tí ọmọ pàdánù. Ṣùgbọ́n bí iléèwé tó dáa bá wà ní ẹ̀yìn ìlú náà tí ọmọ lè fẹsẹ̀ dé, ìṣirò yí padà pátápátá, ibẹ̀ ló sàn.

Ìlera, ní ṣókí

UNIOSUN Teaching Hospital wà ní Ìdí-Ṣẹ̀kẹ̀, ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀ wà ní Asùbíàrò. Ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde tàbí asímà tó máa ń dé lálẹ́, ẹ wọn ọ̀nà láti ilé dé ibẹ̀ ní aago mọ́kànlá alẹ́, kí ẹ mọ̀ bóyá ọkọ̀ wà. Láti ọdún 2023 ni wọ́n ti ń gún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ HPV, tó ń dènà jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ, ní Nàìjíríà. Bí tiyín kò bá tíì gbà á, ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn alábọ́dé àdúgbò.

Ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa kó

Sáà tuntun ń bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹsàn-án. Ẹ wá wo iléèwé lóṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà nígbà tí ọmọ wà ní kíláàsì, torí iléèwé tó ṣófo kò lè fi ohunkóhun hàn yín. Inú òjò náà ni ẹ ó wà nígbà yẹn, ẹ ó rí ọ̀nà bó ṣe rí. Ẹ sanwó ilé lóṣù keje, kí ẹ kó ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, àmọ́ ẹ yẹra fún ọ̀sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun bó bá jẹ́ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni ẹ ń lọ. Kí iléèwé tó wọlé, ẹ mú ọmọ dìde lọ́jọ́ iṣẹ́ kan, ẹ jáde nílé ní aago méje ku ìṣẹ́jú márùndínlógún, ẹ wọ kèké tó máa máa wọ̀, kí ẹ fi aago ọwọ́ yín wọ̀n ọ́n láti géètì ilé dé géètì iléèwé. Bó bá ju ìṣẹ́jú 40 lọ, ẹ lọ bá awakọ̀ kèké kan tó ń gbé àdúgbò, kí ẹ bá a dá owó oṣù, kí ó máa gbé ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin àwọn aládùúgbò pọ̀. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti ti ìyàwó rẹ̀.